Ojú Tí Wọn Kò Gbẹ́ Sára Òkúta

Iṣẹ́ ìwé rírán ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìjọba òyìnbó ṣì wà lórí wa, ṣùgbọ́n òmìnira ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìwé pélébé àwọn olóṣèlú, káàdì ìgbéyàwó àti ìwé orin ìjọ ni a máa ń tẹ̀ jù. Bí ojú ewé bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, èmi àti àwọn obìnrin méjì mìíràn la máa ń ká wọn, tí a ó tò wọ́n, tí a ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn wọn pọ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń fi lẹ́ẹ̀dì ya àwòrán sí ẹ̀yìn pépà tó ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn máa ń wo nǹkan, ọwọ́ mi á sì tẹ̀ lé ojú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé. Ó fi igi kọ́ abíyá òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kanlẹ̀ dáadáa, ó sì fi rọ́bà wé ẹrù kan tí ó gbá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó kí gbogbo wa, ó ní òun fẹ́ tẹ ìwé.

"Irú ìwé wo ni, Bàbá?" ni ọ̀gá wa bi í.

"Ìwé lórí pósí."

Ọ̀gá wa rò pé oníṣòwò pósí ni, tó fẹ́ kí àdúgbò mọ ọjà òun. Ó ní kò sí wàhálà, pépà olójú kan ti tó fún ìyẹn. Ọkùnrin náà mi orí. Ó tú rọ́bà náà, ó sì fa ìwé àfọwọ́kọ kan jáde tó nípọn tó bíríkì.

"Pósí àtijọ́ ni mò ń wí," ni ó sọ. "Pósí òkúta, tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n gbẹ́ ènìyàn àti ẹranko sí lára. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn. Èdè Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, kí àwọn ènìyàn mi lè kà á."

Ó tẹ́ fótò bí ogún sórí tábìlì. Ọ̀gá wa wò wọ́n, ó fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò lè tẹ fótò, àfi kí ẹnìkan kọ́kọ́ fi tàdáwà yà wọ́n ní ìlà ìlà, kí wọ́n tó lè fín in sórí irin. Ó wá nawọ́ sí mi. Ọkùnrin náà mú pépà tó wà níwájú mi. Adìẹ tó sá fún òjò wá sábẹ́ òrùlé wa ni mo ń yà lọ́wọ́.

"Ìwọ lo ya adìẹ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan?"

"Ẹsẹ̀ kan ni mo rí, sà. Ó ká èkejì sókè."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín nìyẹn, kò sì pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. "Ẹni tí mo ń wá rèé," ni ó wí fún ọ̀gá wa. "Ohun tó bá rí ló ń yà."

Igbóbì ni ó ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, torí àwọn dókítà ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀ ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wa gbà kí n máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀. Mo máa ń pè é ní Bàbá Tíṣà, bí gbogbo ará ilé ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan àti àga méjì ló wà nínú yàrá náà. Gbogbo ara ògiri yòókù, fótò pósí ni. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn náà wà ní yàrá kejì. Kì í gba iwájú fèrèsé Bàbá Tíṣà kọjá, ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà yípo. Ó bi mí nígbà kan bóyá ara mi kì í bù máṣọ níbẹ̀. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.

Díẹ̀díẹ̀ ni Bàbá Tíṣà sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Ará Ogbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe kí ó tó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun àgbáyé kejì. Wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí etí òkun kan ní àríwá Áfíríkà. Wọn kò ní kí wọ́n yìnbọn. Kòtò tí páìpù omi yóò gbà ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́. Níbẹ̀ ni ṣọ́bìrì rẹ̀ ti kan òkúta dídán. Wọ́n fọwọ́ kó yanrìn kúrò, wọ́n sì rí obìnrin kan tí wọ́n gbẹ́ sórí ìdérí pósí òkúta kan. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó gbé ìgúnpá lé ìrọ̀rí bí ẹni tó jẹun yó tó ń sinmi. Ìka rẹ̀ pé, èékánná wà lórí ìka, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ hàn kedere.

"Ṣùgbọ́n kò lójú," ni Bàbá Tíṣà wí. "Kò sí ẹyinjú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Wọ́n gbẹ́ irun rẹ̀ yí orí ká, wọ́n wá fi àárín sílẹ̀ ní òkúta rìbìtì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò lè gbé ẹ̀yìn sí i, n kò sì lè kọjú sí i."

Lẹ́yìn ogun, kò padà wálé. Ó wá ọ̀nà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé ní ibi tí wọ́n ti ń kó irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo èyí tó kù ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ọdún mẹ́fà ló lò. Ọdún kejì ni ìyàwó rẹ̀ kú ní Ogbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí lẹ́tà fi máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ìsìnkú. Wọn kò bímọ. Wọn kò ya fótò rí.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wo pósí òkúta. Ó ní kí n má ṣe kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwòrán túmọ̀ sí, kí n kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ènìyàn mélòó ni? Ibo ni wọ́n kọjú sí? Irin wo ni wọ́n fi lu ihò irun, èwo ni wọ́n fi dán ẹ̀rẹ̀kẹ́? Mo ya kìnnìún tó ki ẹṣin mọ́lẹ̀. Mo ya òdòdó àti èso tí wọ́n so pọ̀ bí okùn, tí àwọn ọmọ kéékèèké abìyẹ́ gbé lé èjìká. Mo ya ọkùnrin tí wọ́n ń jù sínú òkun láti inú ọkọ̀, tí ẹja abàmì kan la ẹnu sílẹ̀ dè é.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ilẹ̀kùn. Lára pósí kan, ilẹ̀kùn alápá méjì ni wọ́n gbẹ́ sí àárín. Apá kan wà ní títì, èkejì ṣí díẹ̀, ìka mẹ́rin sì wà ní etí rẹ̀. Kò sí ara, kò sí ojú. Ìka mẹ́rin péré.

"Ṣé ẹni yìí ń jáde ni, sà, àbí ó ń wọlé?"

"Ohun tí àwa tó ń kọ́ nípa wọn ń bá ara wa jà lé lórí nìyẹn," ni Bàbá Tíṣà dáhùn. "Wo àwọn ìka yẹn dáadáa. Iwájú ilẹ̀kùn ni ẹni náà ti dì í mú, àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn, sà."

"Ó dáa. Ìyẹn la mọ̀. Ìyókù, a kò mọ̀ ọ́n."

Ní ti obìnrin tí kò lójú, ó ti rí mọ́kànlá irú rẹ̀ ní ilẹ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ òkèèrè kọ lẹ́tà sí i pé kò sí ohun àràmàǹdà nínú rẹ̀: àwọn tó ń gbẹ́ òkúta máa ń gbẹ́ pósí sílẹ̀ de oníbàárà, wọ́n á fi ojú sílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá mọ ẹni tó kú, tí ikú bá sì dé lójijì, kò ní sí àyè mọ́. Bàbá Tíṣà gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn kan tí wọ́n ti sin òkú sí, tí wọ́n tún ṣí láti sin ẹlòmíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, síbẹ̀ tí ojú kò sí níbẹ̀. Àyè wà nígbà náà. Kí ló dé tí àwọn ẹbí kò fi gbẹ́ ẹ? Gbogbo ìdajì kejì ìwé rẹ̀, ìbéèrè yẹn ló dá lé.

Ó yẹ kí n sọ nípa ilé wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Láti etíkun Òndó ni bàbá mi ti wá sí Bàrígà láti pẹja nínú ọ̀sà, ìyá mi ló sì máa ń yan ẹja náà tó sì ń tà á. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí òun àti obìnrin mẹ́ta wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹja wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ìjì sì dojú ọkọ̀ dé. Wọ́n rí òkú àwọn mẹ́ta. Wọn kò rí tìyá mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá mi fi wá a, tó ń wa ọkọ̀ lọ, tó ń wa ọkọ̀ bọ̀, tó ń fi ọ̀pá tú abẹ́ koríko omi. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wá bá a pé kí wọ́n gbàdúrà ìkẹyìn, ó ní kí ni wọ́n máa gbàdúrà lé lórí? Wọn kò ṣe é. Láti ìgbà náà, kì í ti ilẹ̀kùn wa pa. Bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, ó máa ń fi òkúta há a kí ó má bàa pa dé. Bí mo bá béèrè, á ní ooru ló mú òun.

Mo rántí ọwọ́ ìyá mi. Mo rántí òórùn èéfín lára ìborùn rẹ̀, mo rántí bó ṣe máa ń húkọ́ kó tó pè mí. Ojú rẹ̀ ni n kò rántí. Bí mo bá pa ojú mi dé tí mo fẹ́ rí i, ìborùn náà nìkan ló máa ń wá, ibi tí ojú yẹ kó wà á sì ṣófo.

Iṣẹ́ ń lọ sí òpin nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Bàbá mi lọ wo àwọ̀n rẹ̀. Mo kó fótò mẹ́ta tó kù wá sílé kí n lè parí wọn, mo tẹ́ ẹní, mo fi pákó sórí ẹsẹ̀. Òjò ń rọ̀, páànù wa sì ń jò ní ibi méjì. Obìnrin tí kò lójú ló gbẹ̀yìn. Mo ya ìrọ̀rí, mo ya ọwọ́, mo ya aṣọ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, mo ya irun. Ó yẹ kí n gbé gègé kúrò. N kò lè sọ pé mo pinnu ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi kàn ń lọ ni, ó fa ìpéǹpéjú, ó fa imú, ó fa ẹnu tó pa dé díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀kán omi kan já láti orí páànù, ó bọ́ sábẹ́ ojú òsì. Tàdáwà náà ràn. Mo fi etí ìró mi fà á gbẹ, ó sì ku àpá tóóró kan níbẹ̀, bí àpá ọgbẹ́ tó ti san.

Nígbà náà ni mo rí i pé obìnrin kan ń wò mí láti orí pépà náà. N kò mọ̀ ọ́n.  Mo dojú pépà náà délẹ̀, mo sì jáde lọ dúró sínú òjò títí bàbá mi fi dé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ sọ fún Bàbá Tíṣà pé mo ba ọ̀kan jẹ́, pé mo máa tún un yà. Kí n tó lanu, ó ti gba ìdì pépà náà lọ́wọ́ mi, ó sì ti ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló fi ojú sí i?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò mọ ohun tó ṣe mí."

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ta, sà?"

 Ó fi ìka kan àpá abẹ́ ojú òsì náà.  "Ẹ̀ka igi ọsàn ló ya á níbí nígbà tó wà lọ́mọdé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní Èkó. Ìyàwó mi nìyí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé omi òjò ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó ti gbé pépà náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo sì mọ̀ pé ó ń sunkún. Mo rọra mú àpò mi, mo sì jáde.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́bọ̀, fótò kò sí lára ògiri mọ́. Ó ti tú gbogbo wọn sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, irùngbọ̀n ti hù sí i, àwo oúnjẹ wà lórí tábìlì tí kò fọwọ́ kàn. Ó na pépà náà sí mi, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí òun má bàa rí i.

"Gbé e lọ," ni ó wí. "Mo ti wò ó jù. Lánàá mo gbìyànjú láti rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo rí? Ẹnu tí o yà yìí ló ṣí. Kì í ṣe ẹnu tirẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù fún mi lára rẹ̀, èyí ti ń jókòó lé e."

"Ẹ jẹ́ kí n fà á ya, sà. Kí n dáná sun ún."

"Má ṣe é níbí." Ó kọjú sí ògiri tó ṣófo náà. "Mo rò pé mo ti mọ ìdí tí àwọn ẹbí yẹn fi fi òkúta náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé. N kò ní ẹ̀rí. Tún obìnrin yẹn yà fún mi, bó ṣe wà nínú fótò. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan."

Mo tún un yà níbẹ̀, níwájú rẹ̀, láìfi ojú sí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, mo ká a sínú àpò mi, mo ní bí mo bá dé Bàrígà, inú ààrò ni yóò gbà lọ.

Ààrò kò gbóná nígbà tí mo délé. Mo lọ wá igi. Bàbá mi ti ọ̀sà wọlé ní ẹ̀yìn mi, ó ń wá ibi tí yóò fi aṣọ rẹ̀ tútù sí, ó ṣí àpò mi kúrò lórí ẹní, pépà náà sì bọ́ jáde. Nígbà tí mo fi máa padà dé pẹ̀lú igi, ó ti lóṣòó níwájú rẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan pépà náà.

Ó fi èdè Ìlàjẹ wa bi mí pé, "Ta ló fún ọ?"

"Èmi ni mo yà á, Bàbá."

"O rántí ìyá rẹ tó báyìí?" Ó fi àgbọ̀n júwe abẹ́ ojú òsì obìnrin náà. "O tún rántí ibi tí ẹ̀gún ẹja ti ya á. Kí wọ́n tó bí ọ ni. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Mo dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Omi òjò ló fi àpá yẹn sílẹ̀, èmi fúnra mi rí i nígbà tó ń kán. Ọkùnrin méjì tí wọn kò mọ ara wọn ti rí ìyàwó wọn nínú rẹ̀. Mo wo ojú bàbá mi. N kò tíì rí i kó rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni mo wí. "Mo rántí."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Mo ti jí lọ́pọ̀ òwúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀fun mi.

Ní ọjọ́ kejì, ó tú pákó lára ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kan tó ti dojú dé lẹ́yìn ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí. Kò gùn ju apá mi lọ. Ó ní òun fẹ́ sin ìyá mi, pé ohun tí wọn yóò gbàdúrà lé lórí ti wà báyìí. Nígbà tó kan án tán, ó ní, "Bàbá tí o ń bá ṣiṣẹ́, tí ó mọ ọ̀rọ̀ pósí, bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Mo fẹ́ mọ ohun tí a máa ń gbẹ́ sára rẹ̀."

Mo rò pé Bàbá Tíṣà kò ní wá. Ó wá. Mọ́tò gbé e dé ibi tí ọ̀nà dára mọ, ó sì fi igi rẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi gbé àpótí ìjókòó fún un, ó bu omi fún un, wọ́n kí ara wọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi gbé pósí kékeré náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni bàbá mi wí. "Kí ni àwọn ará ibẹ̀ yẹn ń fi sára tiwọn?"

Bàbá Tíṣà sọ fún un nípa kìnnìún, nípa òdòdó, nípa ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn mìíràn máa ń gbẹ́ òkun, pẹ̀lú ẹja àti àwọn abàmì inú omi tó ń gbé òkú lọ sí ìsinmi.

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Ẹ má fi omi sí i. Ohun tí omi ti gbà lọ́wọ́ mi ti tó."

 Bàbá Tíṣà wá ní ohun kan wà tí òun fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan máa ń gbẹ́ iṣẹ́ wọn sí i: ẹni tó ń ta bàtà pẹ̀lú bàtà, ẹni tó ń yan búrẹ́dì pẹ̀lú ààrò rẹ̀. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó sì fi gbogbo ọ̀sán yẹn gbẹ́ ààrò ìyá mi sórí ìdérí náà, pẹ̀lú ẹja márùn-ún lórí rẹ̀ àti agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kẹta la sin ín, ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ sí omi. Àwọn ará ìjọ wá nínú aṣọ funfun wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti àdúgbò Pedro, Bàbá Tíṣà náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ń tẹ́ pépà náà sínú àpótí, ojú obìnrin yẹn kọ sókè, gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn láti wò ó. Bàbá Tíṣà nìkan ló yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi rí i.

"Bàbá, ẹ ò wò ó?"

"Mo ti rí i."

Bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ní ẹnìkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi."

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Wọ́n ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni. N kò tíì débẹ̀."

N kò mọ ìyẹn. Ọdún mélòó kan ti kọjá tó ti padà wálé. Ó ti rìn dé ilẹ̀ mélòó láti lọ fi okùn wọn pósí àwọn tí kò mọ̀ rí? Ìtìjú mú mi fún un, mo wo ilẹ̀.

"Ẹ lọ," ni bàbá mi wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Tiyín ní ibi tó wà." Ó sì pa ìdérí náà dé.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìwé náà tó jáde. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán gbogbo rẹ̀. Ní ojú ewé tí obìnrin náà wà, ó sùn lórí ìrọ̀rí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fótò, láìsí ojú. Abẹ́ rẹ̀, Bàbá Tíṣà kọ ìlà kan péré pé ìdí rẹ̀ kò yé òun. Àwọn tíṣà kan rà á, àwọn pásítọ̀ kan rà á, ìyókù wà nínú páálí ní ilé ìtẹ̀wé títí ikán fi jẹ ẹ́. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ mi. N kì í ṣí i. Bàbá mi padà sínú ọ̀sà ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsìnkú náà, ó sì tún pẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò bá mi sọ̀rọ̀ àwòrán náà mọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìyá mi lójoojúmọ́, nínú ọ̀rọ̀ lásán, bí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Bàbá Tíṣà wọ lọ́rì lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò padà mọ́. Lẹ́tà kan ló kọ sí mi. Ó ní ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ àwọn ti kún, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ìyàwó òun ti kú tán, àfi arúgbó kan. Arúgbó náà mú òun dé ìdí igi kan, ó sì fi ọ̀pá júwe ebè sàréè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, koríko bo méjèèjì. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ni, òun kò mọ èwo. Bàbá Tíṣà ní òun fi okùn wọ̀n wọ́n, òun wo bí ilẹ̀ ṣe rì, òun ka iye ọdún tí koríko lè ti hù, gẹ́gẹ́ bí òun ti máa ń ṣe, kò sì sí ohun tó sọ nǹkan kan fún òun. Òun jókòó sí àárín wọn títí oòrùn fi wọ̀.

Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun bẹ bíríkìlà kan, wọ́n da pèpéle sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo bo ebè méjèèjì. Òun kò kọ orúkọ kankan sí i, torí òun kò mọ orúkọ ẹnì kejì.